Ọdún ní Istanbul: ìbéèrè tí àwọn ará Ìlọrin ń bi mí kí wọ́n tó ra tíkẹ́ẹ̀tì

Àwọn èèyàn wa ti ń lọ Tọ́kì gan-an báyìí, àwọn kan torí ọjà, àwọn kan torí ìwòsàn, àwọn míì kàn fẹ́ lọ fojú lóúnjẹ. Tí ọdún bá ti ń sún mọ́lé báyìí, ìbéèrè á bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé: ṣé kéèyàn lọ ṣọdún níbẹ̀? Èmi á ní bẹ́ẹ̀ ni, ẹ lọ, ṣùgbọ́n ẹ lọ nítorí ọdún gan-an, ẹ má pa á pọ̀ mọ́ nǹkan míì. Ẹ máa rí ìdí ẹ̀ bẹ́ ẹ ṣe ń kà á lọ.

Ọjọ́ wo lọdún wọn ń bọ́ sí, ṣé ó máa ń bá tiwa mu?

Wọn kì í dúró wo oṣù lójú sánmà. Ìṣirò ni Diyanet ń lò, ìyẹn ilé iṣẹ́ ìjọba wọn tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn, wọ́n sì ti máa ń tẹ kàlẹ́ńdà jáde tipẹ́tipẹ́. Fún ọdún 2026, Ìtúnu Ààwẹ̀ wọn wà ní ọjọ́ 20 oṣù kẹta, Iléyá wà ní ọjọ́ 27 oṣù karùn-ún. Àwa nílé ńkọ́, a ó wà nídìí rédíò àti WhatsApp títí ilẹ̀ á fi ṣú ká tó gbọ́ lẹ́nu Sultan Ṣókótó pé oṣù lé tàbí kò lé. Torí náà ó lè jẹ́ ọjọ́ kan náà, ó sì lè fi ọjọ́ kan yàtọ̀.

Ẹni tó bá bẹ̀rẹ̀ ààwẹ̀ ní Ìlọrin tó wá parí ẹ̀ ní Istanbul, ohun tí ọ̀pọ̀ Àáfà máa ń sọ ni pé ìlú tó bá wà ni kó bá ṣọdún, tí ààwẹ̀ ẹ̀ ò bá pé 29 kó san èyí tó kù tó bá yá. Ẹ bi Àáfà yín kẹ́ ẹ tó gbéra o, ẹ má dúró dìgbà tẹ́ ẹ bá dé ọ̀hún kẹ́ ẹ tó máa fi WhatsApp wá wọn kiri lóru.

Ọjọ́ mélòó ni wọ́n fi ń sinmi?

Ọjọ́ 3 fún Ìtúnu Ààwẹ̀, ọjọ́ 4 fún Iléyá, kẹ́ ẹ sì fi ìdajì ọjọ́ kún un níwájú torí láti ọ̀sán ọjọ́ tó ṣíwájú ọdún, tí wọ́n ń pè ní arife, ni ọ́fíìsì ìjọba ti ń tì. Àmọ́ ẹ má gbọ́kàn lé iye yẹn nìkan. Ìjọba wọn máa ń so ọjọ́ iṣẹ́ tó bá há sáàárín mọ́ ìsinmi tí gbogbo ẹ̀ á fi di ọjọ́ 9, bẹ́ẹ̀ gan-an ni wọ́n ṣe é ní 2024 fún ọdún méjèèjì. Tí wọ́n bá ti kéde ẹ̀ báyìí, ẹni tó bá nílé lábúlé á lọ sábúlé, ẹni tó bá lówó á gba etí òkun lọ, hòtẹ́ẹ̀lì etí òkun á sì gbówó lérí. Istanbul fúnra ẹ̀ á wá fúyẹ́ díẹ̀, èyí dáa fún àlejò.

Nínú méjèèjì, èwo ni kí n lọ fún?

Tó bá jẹ́ ìgbà àkọ́kọ́ yín, Ìtúnu Ààwẹ̀ ni mo máa mú yín lọ. Ìdí kan ni pé Iléyá lásìkò tí wọ́n ń retí yín nílé, àgbò ń bẹ lórí ìso, ẹbí ń tibi gbogbo wọlé, dọ́bà Emir tún wà níbẹ̀, kò sí bí Istanbul ṣe fẹ́ dí àlàfo yẹn. Ìdí kejì, tó tiẹ̀ jù lójú tèmi, ni pé tẹ́ ẹ bá lọ fún Ìtúnu Ààwẹ̀, ẹ lè tètè débẹ̀ láàárín mẹ́wàá ìkẹyìn Ramadan. Ẹ máa rí iná tí wọ́n fi ń kọ̀wé sójú òfurufú láàárín ilé gogoro mọ́ṣáláṣí kan sí èkejì, àṣà àtijọ́ wọn ni, mahya ni wọ́n ń pè é. Ẹ máa rí àwọn ẹbí tó tẹ́ ẹní sórí koríko ní àdúgbò Sultanahmet tí wọ́n tò oúnjẹ kalẹ̀ tí ẹnikẹ́ni ò fọwọ́ kàn án títí ìrun á fi ké. Alẹ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n, àwọn mọ́ṣáláṣí ńlá á kún fọ́fọ́. Ẹni tó bá ti jókòó níbi tàfúsírì ààwẹ̀ n'Ílọrin rí mọ ohun tí mò ń sọ, inú èèyàn máa ń dùn tó bá rí i pé ibòmíì wà tí wọ́n ti ń ṣe é tọkàntọkàn bẹ́ẹ̀.

Mo fẹ́ fi ọdún bojú kí n ra ọjà bọ̀, ṣé ó ṣeé ṣe?

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dán an wò. Mo mọ̀ pé tíkẹ́ẹ̀tì wọ́n, èèyàn á fẹ́ fi òkò kan pa ẹyẹ méjì, ṣùgbọ́n Laleli, Merter àti Osmanbey tí àwọn oníṣòwò wa ti ń ra aṣọ, títì ni wọ́n ń tì lásìkò ọdún. Ẹni tó ń ránṣọ tilẹ̀kùn, ẹni tó ń dì í lẹ́rù tilẹ̀kùn, ẹni tó ń fi kágò ránṣẹ́ náà ti lọ sílé ìyá ẹ̀. Àwọn ilé iṣẹ́ aṣọ míì tiẹ̀ máa ń ti gbogbo ọ̀sẹ̀ yẹn pa. Kapalıçarşı, ọjà àtijọ́ tó lórùlé tí gbogbo ayé mọ̀, kì í ṣí ní gbogbo ọjọ́ ọdún, tẹ́lẹ̀ náà kì í ṣí lọ́jọ́ Sunday.

Mo mọ ìyá kan tó ń tajà ní Ọjà Ọba tó gbówó ọjà àti owó àwọn oníbàárà ẹ̀ dání lọ síbẹ̀ lọ́sẹ̀ Iléyá. Hòtẹ́ẹ̀lì ló jókòó sí tó ń ná owó ọjà sórí yàrá àti oúnjẹ, nígbà tí ìsọ̀ fi máa ṣí, ọjọ́ ìpadà ẹ̀ ti dé. Ó dùn mí gan-an torí kò sẹ́ni tó sọ fún un. Tó bá jẹ́ ọjà lẹ fẹ́ rà, ẹ jẹ́ kí ọdún kọjá ní ọ̀sẹ̀ kan kẹ́ ẹ tó wọ bàálù.

Físà àti bàálù ńkọ́?

Ẹ gba físà kẹ́ ẹ tó kúrò nílé, ẹ sì tètè bẹ̀rẹ̀, torí ẹ́ḿbásì wọn l'Ábújá máa ń sinmi fún ọdún tiwa, ó tún ń sinmi fún ọdún tiwọn, ìwé yín á kàn máa sùn níbẹ̀ ni. Ẹ rí i pé pásípọ́ọ̀tù yín ṣì ní oṣù 6 ó kéré tán. Turkish Airlines ń gbéra tààrà láti Èkó àti Àbújá, nǹkan bíi wákàtí 7. Láti Ìlọrin, ẹ lè wọ bàálù ní ẹ́pọ̀ọ̀tì Tunde Idiagbon lọ sí Èkó tàbí Àbújá, àmọ́ tẹ́ ẹ bá fẹ́ gbọ́ tèmi, ẹ ti dé ibi tẹ́ ẹ ti máa gbéra ní ọjọ́ kan ṣáájú. Aago wọn fi wákàtí 2 ṣíwájú tiwa.

Níbo ni wọ́n ti ń kírun ọdún? Ṣé wọ́n ní yídì?

Inú mọ́ṣáláṣí ni wọ́n ti ń kí i, ìyẹn ló kọ́kọ́ máa ń ya àwa tá a mọ́ yídì lára lẹ́nu. Gbogbo mọ́ṣáláṣí àdúgbò ló ń kí i, ẹ ò nílò kẹ́ ẹ rìn jìnnà. Ṣùgbọ́n tẹ́ ẹ bá ti dé Istanbul, mo gbà yín nímọ̀ràn pé kẹ́ ẹ lọ sí ọ̀kan nínú àwọn ńlá: Süleymaniye, Sultanahmet tí wọ́n kọ́ láàárín 1609 sí 1616, Fatih, Eyüp Sultan, tàbí Ayasofya tí wọ́n kọ́ tán gẹ́gẹ́ bíi ṣọ́ọ̀ṣì ní 537, tó di mọ́ṣáláṣí ní 1453, tí wọ́n sọ di mùsíọ́ọ̀mù láyé Atatürk, ààrẹ wọn àkọ́kọ́, tó tún padà di mọ́ṣáláṣí ní 2020.

Àkókò ni kẹ́ ẹ ṣọ́ra fún. Wọn kì í dúró di ìgbà tí oòrùn bá mú. Bí oòrùn bá ti yọ tán, bíi ìṣẹ́jú 40 sí 45 lẹ́yìn ẹ̀ báyìí, wọ́n ti dìde. Níparí oṣù karùn-ún oòrùn ti máa ń yọ ṣáájú aago 6 àárọ̀ níbẹ̀, torí náà ẹni tó bá sùn di aago 7, wọ́n ti kírun tán, wọ́n ti ń jẹun. Ohun tí wọ́n máa ń ṣe ni pé wọ́n á kí Àsùbáà ní mọ́ṣáláṣí, wọ́n á jókòó síbẹ̀, Lèmọ́mù á máa wàásù, jàmáà á máa kọ kábárà pẹ̀lú ohùn kan báyìí tó rọra ń lọ sókè sódò, gbogbo ilé á gbà á, tó bá ti wọ̀ yín létí lẹ́ẹ̀kan ẹ ò ní gbàgbé ẹ̀. Ẹ bá wọn kí Àsùbáà yẹn. Ẹ tiẹ̀ débẹ̀ kí ìrun Àsùbáà tó ké, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ìta lórí òkúta tútù lẹ ti máa kí i, torí náà ẹ mú ẹní ìkírun dání.

Ṣé bí wọ́n ṣe ń kírun náà yàtọ̀ sí tiwa?

Ó yàtọ̀ díẹ̀. Ìlànà Maliki là ń lò, Hanafi ni tiwọn. Nílé, kábárà 7 là ń kọ ní rákà kìíní pẹ̀lú èyí tá a fi wọ ìrun, a ó kọ 6 ní ìkejì pẹ̀lú èyí tá a fi dìde, gbogbo ẹ̀ sì ń ṣáájú Fátíà. Tiwọn, kábárà 3 ni wọ́n ń fi kún un ní rákà kọ̀ọ̀kan. Ní rákà kìíní ó ń ṣáájú Fátíà, ẹ máa gbé ọwọ́ sókè, ẹ jẹ́ kó wálẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara, ẹ tún gbé e, lẹ́yìn ẹ̀ẹ̀kẹta ni wọ́n ń di ọwọ́ mọ́ra. Rákà kejì gan-an ni wàhálà wà: Lèmọ́mù á kọ́kọ́ ka Fátíà àti súrà tán, ẹ̀yìn ìyẹn ló máa wá kọ kábárà 3, ẹ̀ẹ̀kẹrin ni rùkúù. Ẹni tí ò bá mọ̀, kábárà àkọ́kọ́ tó bá gbọ́ lẹ́yìn súrà báyìí, ó ti tẹ̀ba, òun nìkan láàárín sọ́ọ̀fù tó dúró ṣánṣán. Ẹ kàn máa wo ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín. Lèmọ́mù náà máa ń ṣàlàyé ẹ̀ kó tó bẹ̀rẹ̀, àmọ́ èdè Tọ́kì ló fi ń ṣe é.

Wàásù máa ń wà lẹ́yìn ìrun bíi tiwa. Tó bá parí, wọ́n á tò, wọ́n á máa bọ ara wọn lọ́wọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan títí dé ẹni ìkẹyìn. Ẹ má sá jáde o, ẹ bá wọn tò. Ọ̀rọ̀ tẹ́ ẹ máa sọ ò ju "Bayramınız mübarek olsun" lọ, ẹ sì lè kàn sọ pé "İyi bayramlar", ẹ kú ọdún náà ni. Àwọn àgbà tó ń rí yín fún ìgbà àkọ́kọ́ láyé wọn á di yín mú bí ọmọ.

Ṣé obìnrin lè lọ?

Ó lè lọ, ṣùgbọ́n kó má retí pé á rí bíi ti ilé. Ọkùnrin ló ń pọ̀ jù níbi ìrun ọdún wọn, àyè obìnrin ní mọ́ṣáláṣí kéékèèké kì í tóbi. Àwọn mọ́ṣáláṣí ńlá ló dáa jù fún ẹ̀yin ìyá wa, ẹ wá ẹnu ọ̀nà obìnrin lálẹ́ ọjọ́ tó ṣíwájú kẹ́ ẹ má baà máa rìn kiri láàárọ̀. Aṣọ yín ò ní wàhálà, gèlè àti ìborí yín náà ti tó.

Àgbò ńkọ́? Ṣé mo lè pa Iléyá mi níbẹ̀?

Ibi tí ìjọba bá yà sọ́tọ̀ nìkan ni wọ́n ti ń dú ẹran. Ẹni tó bá dú u ní títì tàbí ní páàkì, owó ìtanràn ń dúró dè é. Ọ̀pọ̀ ará Istanbul kì í fọwọ́ ara wọn dú u mọ́, wọ́n á sanwó fún àjọ aláàánú, ìyẹn á dú u lórúkọ wọn, wọ́n á sì pín in fún aláìní. Màlúù náà, èèyàn 7 lè dá a jọ.

Èrò tèmi ni pé kẹ́ ẹ fi owó àgbò sílẹ̀ fún ẹni tẹ́ ẹ fọkàn tán nílé kẹ́ ẹ tó lọ, kí wọ́n dú u l'Ókèlele tàbí Pakata níbẹ̀, kí ìyá àgbà àti aládùúgbò jẹ níbẹ̀. Ẹran tẹ́ ẹ bá dú nígbà tó jẹ́ hòtẹ́ẹ̀lì ìlú onílùú lẹ wà, ta ló fẹ́ jẹ ẹ́? Bákan náà ni sàká ìtúnu ààwẹ̀, tó bá rọrùn ẹ yàn ẹni tó máa bá yín yọ ọ́ nílé.

Ibi ìgbafẹ́ wo ló máa ń ṣí?

Ọjọ́ kìíní ni gbogbo nǹkan ń le. Topkapı àti Dolmabahçe, àwọn ààfin àtijọ́ wọn, kì í ṣí lọ́jọ́ kìíní ọdún, Topkapı tún máa ń tì ní gbogbo Tuesday. Láti ọjọ́ kejì ó ti ń dẹ̀. Tẹ́ ẹ bá ráyè dé Topkapı, ẹ má wo wúrà àti dáyámọ́ǹdì nìkan, ẹ wọ yàrá tí wọ́n kó àwọn nǹkan Ànọ́bì Muhammad sí, aṣọ ìlékè wọn wà níbẹ̀, àáfà kan á sì jókòó tó ń ka Alùkùráánì, tí ìyẹn bá dìde òmíràn á gbà á, wọn kì í dákẹ́.

Eyüp Sultan ni kẹ́ ẹ yà sọ́tọ̀ fún ọjọ́ kejì. Sàhábà tó gba Ànọ́bì sílé nígbà tí wọ́n wọ Mẹ̀dínà, Abu Ayyub al-Ansari, ibẹ̀ ni sàréè wọn wà. Èrò ń pọ̀ níbẹ̀ lọ́dún, ẹ lọ láàárọ̀.

Ayasofya, ẹni tó bá fẹ́ kírun ò san kọ́bọ̀, ìsàlẹ̀ ló ń gbà wọlé. Àlejò tó bá fẹ́ wòran ló ń gun òkè, látọdún 2024 owó ẹ̀ sì jẹ́ yúrò 25.

Ọkọ̀ ńkọ́?

Ó ti di àṣà pé ìjọba ìlú Istanbul máa ń jẹ́ kí bọ́ọ̀sì ìlú, tírámù, métírò àti ọkọ̀ ojú omi wọn di ọ̀fẹ́ lọ́jọ́ ọdún. Ẹ ṣì ra káàdì Istanbulkart tí wọ́n fi ń sanwó ọkọ̀, torí ọjọ́ tó ṣíwájú àti tó tẹ̀lé e, ẹ má sì fi ọ̀fẹ́ yìí ṣírò owó ọkọ̀ ẹ́pọ̀ọ̀tì. Nítorí ọ̀fẹ́ yìí náà, ọkọ̀ ojú omi tó ń lọ sí Adalar, àwọn erékùṣù wọn, á kún débi pé ẹ ò ní rí ibi gbẹ́sẹ̀ lé. Ẹ wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí Üsküdar ní òdìkejì omi dípò ẹ̀, láti Eminönü kò pẹ́ rárá, afẹ́fẹ́ òkun á fẹ́ sí yín, ẹ máa rí gbogbo mọ́ṣáláṣí ìlú lọ́ọ̀kánkán.

Ẹni tó bá fẹ́ jáde nílùú lọ sí Bursa tàbí Konya, kó ti ra tíkẹ́ẹ̀tì bọ́ọ̀sì tàbí rélùweè sílẹ̀. Ọjọ́ arife, títì tó ń jáde nílùú á dí pa, bíi ọ̀nà Ògbómọ̀ṣọ́ sí Ìlọrin tí Iléyá bá ku ọ̀la.

Owó wo ni kí n mú dání?

Dọ́là tàbí yúrò, kẹ́ ẹ ṣẹ́ díẹ̀ sí lírà kí ọdún tó bẹ̀rẹ̀. Báǹkì ò ní ṣí, ATM ń ṣiṣẹ́. Káàdì náírà yín, ẹ bi báǹkì yín léèrè kẹ́ ẹ tó gbéra bóyá ó ń ṣiṣẹ́ lókè òkun àti iye tó lè yọ, ẹ má fi àárọ̀ ọdún dán an wò. Owó ṣíṣẹ́ nínú ẹ́pọ̀ọ̀tì kì í dáa, ẹ ṣẹ́ ìwọ̀nba tó máa gbé yín dé hòtẹ́ẹ̀lì.

Kí ni mo máa jẹ?

Àárọ̀ ọjọ́ kìíní, ilé oúnjẹ ò pọ̀ tó ń ṣí, torí náà ẹ ra búrẹ́dì simit, wàràkàṣì, ólífù àti èso sílẹ̀ lálẹ́ arife. Lẹ́yìn ọ̀sán wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí. Ẹran ibẹ̀ hàláàlì ni, ṣùgbọ́n wọ́n ń ta ọtí láwọn ilé oúnjẹ kan, ẹ wo ibi tẹ́ ẹ ń wọ̀. Ẹni tí àmàlà bá ń wù, apá Aksaray àti Kumkapı ló ti máa rí oúnjẹ àwọn èèyàn wa.

Tí ará ibẹ̀ kan bá pè mí sílé ńkọ́?

Ẹ lọ! Ohun tó dáa jù nínú ọdún wọn, inú ilé ló wà, ẹni tó bá jókòó sí hòtẹ́ẹ̀lì ò lè rí i. Ẹ ra ṣúgà tàbí baklava dání. Ẹ bọ́ bàtà lẹ́nu ọ̀nà. Tẹ́ ẹ bá jókòó báyìí, ọmọ ilé á gbé ìgò lọ́fínńdà olóórùn ọsàn wẹ́wẹ́ wá, á ní kẹ́ ẹ tẹ́ ọwọ́, á dà á sí yín láàtẹ́lẹwọ́, ẹ fi ra ọwọ́, lẹ́yìn ẹ̀ á gbé àwo ṣúgà wá. Ẹ má kọ̀ ọ́. Àwọn ọmọdé wọn kì í dọ̀bálẹ̀, ọwọ́ àgbà ni wọ́n ń gbà, wọ́n á fi ẹnu kàn án, wọ́n á gbé e kan iwájú orí, àgbà á sì fún wọn lówó ọdún. Tẹ́ ẹ bá ti dàgbà díẹ̀, wọ́n máa ṣe é fún yín, ẹ ní owó kéékèèké lápò. Tó bá jẹ́ Iléyá, ẹran tí wọ́n fi ọ̀rá ara ẹ̀ dín lẹ ó fi jẹun, ó sún mọ́ ẹran díndín tiwa gan-an, ata nìkan ni kò sí.

Tí ara mi ò bá yá?

Nọ́ńbà 112 ni pàjáwìrì. Kẹ́míìsì kan máa ń wà lẹ́nu iṣẹ́ ní àdúgbò kọ̀ọ̀kan tọ̀sán tòru kódà lọ́jọ́ ọdún, orúkọ èyí tó ṣí sì máa ń wà lára ilẹ̀kùn àwọn tó tì. Nöbetçi eczane ni kẹ́ ẹ bèèrè. Ẹni tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí ìtọ̀ ṣúgà, kó gbé oògùn tó máa tó o dání láti ilé.

Ọ̀rẹ́ mi ará Òmù-Àrán fẹ́ bá mi lọ, Kìrìsìtẹ́nì ni, ṣé kò ní wàhálà?

Kò sí wàhálà kankan. Ó lè wọ mọ́ṣáláṣí wòran tí wọn ò bá ti máa kírun lọ́wọ́, wọ́n sì máa kí i kú ọdún bíi tiyín. Ṣọ́ọ̀ṣì St. Anthony ní òpópónà İstiklal wà níbẹ̀ tó bá fẹ́ lọ síbi ìsìn.

Aṣọ wo ni kí n kó?

Ẹ gbé agbádá yín lọ. Oṣù kẹta tútù níbẹ̀, ẹ nílò kóòtù gidi, ìbọ̀sẹ̀ nípọn torí ẹ máa bọ́ bàtà ní mọ́ṣáláṣí. Ìparí oṣù karùn-ún ò le. Ẹ máa gbé pásípọ́ọ̀tù kiri, ọlọ́pàá lè bèèrè ẹ̀.

Ọjọ́ wo ni kí n padà?

Ẹ má padà lọ́jọ́ tí ìsinmi parí. Ọjọ́ yẹn ni gbogbo ìlú ń wọlé bọ̀ láti abúlé, títì á dí, ẹ́pọ̀ọ̀tì á kún. Ẹ fi ọjọ́ kan tàbí méjì sí i, Kapalıçarşı á ti ṣí padà nígbà yẹn tí kò bá ti jẹ́ Sunday, ẹ lè wá ra tèsùbáà, ìborí àti súìtì fún àwọn tó ń dúró dè yín nílé, àwọn ọlọ́jà á sì ti sinmi dáadáa tí wọ́n á fi ráyè bá yín nájà.